New Lanark: abúlé tí omi àti òwú jọ kọ́

Ẹni tó bá gbé Kakuri tàbí Makera ní Kàdúná nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ṣì ń dún kò ní ṣàjèjì sí New Lanark. Ohun tí àwa mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ aṣọ ló wà níbẹ̀: agogo tó ń jí ènìyàn láàárọ̀, eruku òwú tó ń fò kiri, ilé tó jẹ́ ti ọ̀gá, ṣọ́ọ̀bù tó ń gba owó oṣù padà kó tó délé. Àmọ́ Skọ́tlándì ni New Lanark wà, wọ́n sì ti ń ranwú níbẹ̀ láti 1786, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì rò ó pé ìlú kan tí à ń pè ní Kàdúná yóò wà.

Ìsàlẹ̀ ìlú Lanark ni abúlé náà wà, nínú kòtò tí odò Clyde gbẹ́, nǹkan bíi 40 kìlómítà sí Glasgow. Bí a ṣe ń pè é ní abúlé, kò sí oko níbẹ̀, kò sì sí ọjà ọrún-ọrún. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ gbogbo ilé, wọ́n ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Èkó, wọ́n sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ òkè ní ìlà-ìlà. Ilé iṣẹ́ ìranwú ló wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá omi. Nígbà tí iṣẹ́ gbóná jù lọ, ní nǹkan bíi 1820, ènìyàn tó tó 2,500 ló ń gbé inú kòtò yẹn. Lónìí wọn kò tó 300.

Kí ló gbé wọn débẹ̀? Omi ni. Ní apá òkè abúlé náà, odò Clyde ń já láti orí àpáta léraléra. Bonnington Linn ló ṣáájú, Corra Linn tẹ̀lé e, Dundaff Linn tó kéré sì wà lẹ́bàá abúlé gan-an. Corra Linn nìkan ga tó mítà 26. Ní 1784, David Dale, oníṣòwò Glasgow tó ń ta òwú àti aṣọ, mú Richard Arkwright wá wo ibẹ̀. Arkwright ni ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba ẹ̀tọ́ ìjọba lórí ẹ̀rọ ìranwú tí omi ń yí ní 1769. Ilẹ̀ náà kò dára fún ohunkóhun: ẹrẹ̀, àpáta, òkè tó dúró gbọin. Agbára omi nìkan ni wọ́n rí níbẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń wá. Dale àti Arkwright kò pẹ́ tí wọ́n fi pínyà, Dale sì dá iṣẹ́ náà ṣe lọ.

Iṣẹ́ omi yìí ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò, torí ibẹ̀ lówó Dale kọ́kọ́ wọlé lọ. Wọn kì í ki kẹ̀kẹ́ bọ inú odò lásán. Ibi tí odò ti ga ni wọ́n ti ń ya omi, wọn a fi ilẹ̀kùn onígi dí ẹnu ibẹ̀, wọn a máa gbé e sókè tàbí kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ bí wọ́n bá ṣe fẹ́ kí omi pọ̀ tó. Ní New Lanark, àpáta dí ọ̀nà, nítorí náà wọ́n lu ihò gba inú òkúta kọjá kí omi tó jáde sí gọ́tà ńlá tó ṣàn gba ẹ̀yìn gbogbo ilé iṣẹ́ náà. Láti inú gọ́tà yẹn ni omi ti ń ya sórí kẹ̀kẹ́ ilé kọ̀ọ̀kan, tí yóò yí i, tí yóò sì padà sínú odò nísàlẹ̀. Ìyàtọ̀ gíga láàárín ibi tí omi ti wọlé àti ibi tó ti jáde ni agbára tí wọ́n ní. Bí odò bá kún lẹ́yìn òjò ńlá, kì í ṣe ayọ̀ rárá: omi ìsàlẹ̀ á ga sókè, á mu ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì máa wọ́ bí ẹni tó ń rìn nínú ẹrẹ̀. Bí yìnyín bá dì, ilẹ̀kùn kò ní gbéra. Bí ọ̀dá bá dá, ìdajì ẹ̀rọ á dúró. Ẹni tó ń bú iná NẸ́PÀ lónìí, ó yẹ kó mọ̀ pé àwọn tó ní omi tiwọn náà rójú rárùn.

Láti ara kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pá irin àti igi ti ń gòkè lọ sí àjà kọ̀ọ̀kan, bẹ́líìtì ló sì ń mú un dé ara ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ̀rọ Arkwright ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí àwọn ìyá wa ń fi òrànwú ṣe, tí àwọn obìnrin Haúsá ń fi mazari ṣe títí dòní ní àwọn abúlé kan. Ẹ yọ kóró, ẹ gbọ̀n òwú títí á fi rọ̀, ẹ fi ìka fà á tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lọ́ ọ, ẹ ká a. Ìṣòro tó wà nínú gbogbo rẹ̀ ni ìka tó ń fà á. Ìka ìyá àgbà mọ ìgbà tó yẹ kó fà àti ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́. Arkwright fi ọ̀pá yíyí rọ́pò rẹ̀, méjì-méjì, ọ̀kan lórí ọ̀kan. Àwọn méjì tó wà lẹ́yìn ń yí jẹ́jẹ́, àwọn tó tẹ̀lé e yára díẹ̀, àwọn iwájú yára jù lọ. Torí pé iwájú yára ju ẹ̀yìn, òwú tó ń kọjá láàárín wọn á máa tín-ín-rín sí i. Ọ̀pá ìsàlẹ̀ ní ìlà-ìlà lára, tòkè ní awọ, wọ́n sì so ohun wíwúwo rọ̀ mọ́ ọn kó lè di òwú mú.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá àti ọ̀pá. Ó gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ gùn ju okùn òwú kan ṣoṣo lọ. Bí ó bá kúrú jù, ọ̀pá ẹ̀yìn àti tiwájú á jọ di okùn kan náà mú, á já. Bí ó bá gùn jù, àwọn okùn kúkúrú á máa léfòó láàárín, kò ní sẹ́ni tó dì wọ́n mú, òwú á sì jáde ní ki níhìn-ín, ní tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́hùn-ún. Nítorí náà, bí òwú tí wọ́n rà bá yí padà, wọ́n gbọ́dọ̀ tún àlàfo ṣe. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ sì jẹ́ ọ̀tá òwú: okùn á gbẹ, á máa já lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìranwú ní Kàdúná lákòókò ọyẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, ìdí tí wọ́n fi ń fọ́n omi sójú afẹ́fẹ́ nínú gbọ̀ngàn nìyẹn. Skọ́tlándì kò nílò irú ìyẹn tó bẹ́ẹ̀, òjò tiwọn kò mọ ìgbà.

Ohun tí wọ́n bẹ̀rù jù ni iná. Eruku òwú lójú afẹ́fẹ́, òróró ẹ̀rọ tó rin pákó ilẹ̀, fìtílà eléèéfín ní ìrọ̀lẹ́: kò sí ohun tó kù ju kí iná ṣẹ́ lọ. Ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ jóná ní October 1788, wọ́n tún un kọ́ ní 1789. Ìkẹrin náà jóná ní 1883, wọn kò kọ́ ọ padà mọ́. Ẹ ṣì lè rí àyè rẹ̀ lónìí, bí eyín tó yọ láàárín ẹnu.

Ta ló ń tọ́jú ẹ̀rọ? Ọmọdé ni ọ̀pọ̀ wọn. Ní 1793, nínú àwọn tó lé ní 1,100 tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nǹkan bíi 800 ni kò tíì dàgbà. Ìka wọn kéré, wọ́n lè so òwú tó já láìdá ẹ̀rọ dúró, wọ́n sì lè rá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ gbá eruku. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún lára wọn jẹ́ ọmọ tálákà àti ọmọ òrukàn tí Dale gbà láti Glasgow àti Edinburgh. Agogo 6 àárọ̀ sí agogo 7 alẹ́ ni iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú ìdajì wákàtí fún oúnjẹ àárọ̀ àti wákàtí kan fún oúnjẹ ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ni ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kan. Ọmọ tó ti dúró láti àárọ̀, tí wọ́n tún ní kó wá ka álífábẹ́ẹ̀tì lálẹ́, ẹ lè fojú inú wo bó ṣe máa ń tòògbé. Síbẹ̀, Dale ń bọ́ wọn dáadáa lójú ìgbà yẹn, wọ́n ń jẹ ẹran, wọ́n ń mu wàrà, ibùsùn wọn mọ́, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì ṣe ìdá mẹ́rin èyí.

Àwọn àgbà ṣòro láti rí. Ọmọ Skọ́tlándì kò fẹ́ràn kí wọ́n máa fi agogo darí òun. Ní 1791, ọkọ̀ ojú omi kan tó kó àwọn ará erékùṣù Skye lọ sí North Carolina pàdé ìjì, ó sì padà sí èbúté Greenock. Dale ránṣẹ́ sí wọn: iṣẹ́ wà, ilé wà. Ọ̀pọ̀ wọn gbà. Ìlà ilé tí wọ́n ń pè ní Caithness Row ṣì wà títí di òní, orúkọ agbègbè kan ní àríwá Skọ́tlándì ló ń jẹ́. Èdè Gaelic ni àwọn ará òkè wọ̀nyí ń sọ nílé. Bí Yorùbá Kàdúná ṣe ń sọ Haúsá lọ́jà, tí wọ́n sì ń sọ Yorùbá nílé, bẹ́ẹ̀ ló rí fún wọn pẹ̀lú èdè àwọn ará ìsàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń mú àlejò yí abúlé náà ká máa ń yára kọjá. Òwú yìí, kò sí ọ̀kan tó hù ní Skọ́tlándì. Láti àwọn erékùṣù Caribbean àti Amẹ́ríkà ló ti ń wá, ẹrú ló sì ń gbìn ín, tó ń ká a. Lára àwọn ẹrú yẹn, ọ̀pọ̀ ló ti etíkun tiwa lọ. Ní 1791 kan náà, Dale ni alága ẹgbẹ́ tó ń jà ní Glasgow pé kí òwò ẹrú dópin. Ó ń ra òwú, ó sì ń bu ẹnu àtẹ́ lu bí wọ́n ṣe ń rí i. N kò rò pé ó ń ṣe àgàbàgebè ju ẹni tó ń lo fóònù lónìí láìbéèrè ibi tí ohun inú rẹ̀ ti wá, àmọ́ ó yẹ kí a sọ ọ́.

Robert Owen ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ju Dale lọ. Ọmọ ilẹ̀ Wales ni, wọ́n bí i ní 1771. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra New Lanark lọ́wọ́ Dale ní 1799 ní 60,000 pọ́n-ùn, wọ́n á máa san án díẹ̀díẹ̀ fún 20 ọdún. Lọ́dún yẹn kan náà ló fẹ́ Caroline, ọmọ Dale. Ní January 1800 ó gba àkóso. Wọ́n máa ń sọ ìtàn rẹ̀ bí ẹni pé ó bá aginjù tó sì sọ ọ́ di ọgbà. Irọ́ ni. Dale ló lu ihò sínú àpáta, òun ló kọ́ ilé, òun ló ti ń kọ́ ọmọdé. Ohun tí Owen mọ̀ dáadáa ni ìwé ìṣirò: ó mọ ibi tí kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí, ó sì mọ bí òun ṣe lè ṣe oore tí kò ní jẹ gbèsè.

Ẹ wo ohun kékeré kan tó ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó so ẹyọ igi kan rọ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 2, fífẹ̀ rẹ̀ ínǹṣì 1, onígun mẹ́rin. Ojú kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀: dúdú fún ìwà burúkú, àwọ̀ aró fún ẹni tí kò burú tí kò dára, ìyeyè fún dáadáa, funfun fún èyí tó tayọ. Láràárọ̀, alábòójútó á yí i sí àwọ̀ tó bá bí òṣìṣẹ́ náà ṣe ṣe lánàá mu. Owen á kọjá láàárín ẹ̀rọ, á wo igi, á wo ojú, kò ní sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n á kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé, láti 1 dé 4, lójoojúmọ́, lọ́dọọdún. Òṣìṣẹ́ tó bá rí i pé wọ́n rẹ́ òun jẹ lè wá bá Owen kí wọ́n tó kọ ọ́. Owen sọ pé dúdú ló pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, pé ìgbà tó yá ni ìyeyè àti funfun bo ilé. Kò lu ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kí gbogbo ẹni tó ń kọjá lè ka ìwà rẹ lánàá lára igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ, ẹ̀rù ńlá ni.

Nínú ilé náà, kò jẹ́ kí wọ́n simi. Yàrá kan ni ìdílé máa ń ní. Ibùsùn wọ inú ògiri, òmíràn tó ní ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n á fà jáde fún àwọn ọmọ lálẹ́. Owen ní kí ìgbìmọ̀ máa wọlé wò bóyá ó mọ́. Àwọn obìnrin bínú, wọ́n sì pe àwọn ìgbìmọ̀ náà ní ọdẹ ìdun. Orúkọ náà bá wọn mu.

Lórí owó, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Owó ẹyọ ṣọ̀wọ́n nígbà yẹn, débi pé nígbà Dale wọ́n gba owó fàdákà àwọn ará Spéènì, wọ́n lu orúkọ ilé iṣẹ́ Lanark sí i lára, ó sì di ṣílè 5 tí wọ́n ń ná láàárín ara wọn. Nígbà tí Owen dé, ó rí i pé àwọn tó ń ta ọjà ní abúlé ń ta ohun tí kò dára ní owó gọbọi, ní àwìn. Ní 1813 ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Ó ń fi owó kàlẹ̀ ra ọjà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń tà á ní iye tí kò jìnnà sí iye tó rà á. Èrè kékeré tó kù kò lọ sí àpò rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ló ń ná an lé lórí. Nítorí náà, ìyá tó ra ìyẹ̀fun ti san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ láìmọ̀. Fún àìsàn àti ọjọ́ ogbó, wọ́n ń yọ ìdá kan nínú 60 owó iṣẹ́ oníkálukú sínú àpótí kan. Èsúsú ni, ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé akọ̀wé ilé iṣẹ́ ló ń gbà á kí owó tó dé ọwọ́ rẹ.

Nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ọkọ̀ rẹ̀ tí òwú kò dé mọ́, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn lé òṣìṣẹ́. Owen dá ẹ̀rọ dúró fún oṣù mẹ́rin, ó sì san owó gbogbo wọn, ó lé ní 7,000 pọ́n-ùn, wọ́n ń fi ìgbà náà nu ẹ̀rọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò dunnú sí i. Nígbà tí ìjà dé, wọ́n gbé ilé iṣẹ́ náà sórí gbàǹjo, Owen sì rí àwọn onígbọ̀wọ́ tuntun, Jeremy Bentham, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára wọn. Wọ́n fi 114,100 pọ́n-ùn gbà á.

Ní ọjọ́ kìíní January 1816 ló ṣí ilé ẹ̀kọ́ ńlá rẹ̀. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ ọmọ wẹ́wẹ́ àkọ́kọ́ ní Bìrìtéènì: ọmọ tó bá ti lè rìn ni wọ́n ń gbà. Jẹ́lé-ó-sinmi gan-an ni, àmọ́ ìyá ọmọ kò sinmi, ẹ̀rọ ló padà sí. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí, ṣùgbọ́n Owen kọ̀ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 ranwú fún òun. Kò sí pàṣán, kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó gba ipò kìíní. Àwòrán ẹranko àti máàpù ńláńlá wà lára ògiri, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń jó. James Buchanan tó jẹ́ ahunṣọ ni olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, Molly Young, ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ kan, sì ń ràn án lọ́wọ́. Fún àwọn tó dàgbà díẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ jẹ́ tọ́rọ́ lóṣù. Lọ́dún yẹn kan náà ni wákàtí iṣẹ́ wálẹ̀ sí 10 àti ìṣẹ́jú 45, yàtọ̀ sí àkókò oúnjẹ.

Ijó ló padà dá wàhálà sílẹ̀. William Allen, ọ̀kan nínú àwọn onígbọ̀wọ́ tó jẹ́ ẹlẹ́sìn Quaker, kò fẹ́ ijó, kò fẹ́ orin, kò sì fẹ́ kí ọmọkùnrin máa wọ kílíìtì, aṣọ bíi síkẹ́ẹ̀tì tí ọkùnrin Skọ́tlándì ń wọ̀, nílé ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ Bíbélì ló fẹ́. Owen kúrò, ó lọ dá abúlé mìíràn sílẹ̀ ní Indiana ní Amẹ́ríkà ní 1825, èyí tí kò pẹ́ tó fi túká. Ìdílé Walker gba New Lanark lọ́dún yẹn. Láti 1881, ilé iṣẹ́ Gourock tó ń ṣe okùn ló ni ín, wọ́n ń ṣe àwọ̀n ẹja àti aṣọ àtíbàbà. Wọ́n fi omi kan náà tan iná sí ilé gbogbo láti 1898, lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ bí agogo 10 alẹ́ bá lù, wọ́n á pa á. Títí di 1955 ni abúlé náà fi ń lo iná tirẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n kọ́ sórí àtẹ̀gùn inú ilé kò dé àfi ní 1933.

Ní 1968 ni Gourock pa ẹ̀rọ. Ọdún yẹn, Kàdúná ni iná ń jó: KTL (Kaduna Textiles Limited) ti ń hun aṣọ láti 1957, David Whitehead, ilé iṣẹ́ Lancashire, ló sì bá ìjọba Àríwá dá a sílẹ̀, UNTL (United Nigerian Textiles Limited) ti dìde ní 1964. Ọwọ́ ń yí láti ibì kan sí ibì kejì. KTL náà dákẹ́ ní 2002, UNTL ní 2007, ẹni tó bá gba Kakuri kọjá lónìí yóò rí i bí ògiri ṣe ń wó. New Lanark náà ti ń wó. Ẹni tó ń tú àjákù irin ló wà nínú ilé iṣẹ́ náà fún ọdún mélòó kan, àjákù ọkọ̀ sì kún iwájú ilé ẹ̀kọ́ Owen. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1963 láti tún àwọn ilé gbígbé ṣe, ẹgbẹ́ ńlá kan dìde ní 1974, ní 1983 wọ́n fi òfin gba ilé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ oní-irin. Wọn kò sọ gbogbo rẹ̀ di mùsíọ́mù, ìyẹn ló mú kó wà láàyè: àwọn kan rẹ́ǹtì, àwọn kan ra, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ di hòtẹ́ẹ̀lì. UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá ayé ní 2001.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó: láti Àbújá ẹ wọ bàálù dé London, ẹ lọ sí Glasgow, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin ní Glasgow Central dé Lanark, kò tó wákàtí kan. Láti ibẹ̀ sí abúlé lé ní kìlómítà 2, ìsọ̀kalẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ẹ fi ọkàn sí i pé ẹ ó tún gòkè padà. Bàtà tó gbá ilẹ̀ mú ni kí ẹ wọ̀, òkúta ibẹ̀ máa ń yọ̀. Nínú ilé iṣẹ́ kẹta, ẹ̀rọ ìranwú àtijọ́ kan ṣì ń ṣiṣẹ́, irun àgùntàn ló ń ran báyìí, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ gba ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ sí òkè odò títí dé Corra Linn. Bí ẹ bá bá a tí omi kéré, ẹ má bínú: láti 1927 ni wọ́n ti ń ya púpọ̀ lára rẹ̀ gba ilé iná mànàmáná Bonnington. Ọjọ́ tí òjò ti rọ̀ fún ìgbà pípẹ́ ni kí ẹ lọ. Agogo tó ń pe òṣìṣẹ́ ṣì wà lórí òrùlé New Buildings, ẹ ó rí i bí ẹ bá dúró ní àárín abúlé. Òru ọdún tuntun nìkan ni wọ́n ń lù ú báyìí.